Pupusa Òdìkejì Títì

Akọ̀ròyìn náà fi ìka ti àwo pupusa, àkàrà pẹlẹbẹ oníwàràkàṣì, sẹ́yìn láìtíì tọ́ ọ wò.

“Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé tiyín le bí awọ bàtà. Ti Eduvigis òdìkejì títì nìkan ló ṣeé jẹ ní ìlú Olocuilta yìí. Kò kàn ṣí lónìí ni.”

Láti ìgbà tó ti kọ ọ́ ni bẹ́ńṣì obìnrin alápupusa yìí ti ṣófo. Obìnrin náà ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì pípò bo wàràkàṣì, kò wojú rẹ̀.

“Ẹ tọ́ ọ wò ná, ọ̀gá onímọ̀.”

Ó gé e jẹ. “Háà! Ti Eduvigis gan-an nìyí!”

“Ọwọ́ Eduvigis ti rọ láti ọdún mẹ́ta. Èmi ni mò ń bá a yan án.”

Ó fa bírò yọ kíá. “Kí lorúkọ yín?”

“Ẹ kọ Eduvigis,” ni obìnrin náà wí, ó sì gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀.