Obìnrin Tí Wọ́n Sọ Ní Gbohùngbohùn

Ojoojúmọ́ ni obìnrin àjèjì kan ń fi ìyá kan wọ́lẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì ìránṣọ. Àga tó wà níwájú ìyá ló ń jókòó sí. Bí olùkọ́ bá ti sọ̀rọ̀ tán, á yíjú padà sí ìyá, á sì tún gbogbo rẹ̀ sọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ á là gbàgà bí ẹni ń kọ́ ọmọ ọwọ́ ní ọ̀rọ̀. Kò tiẹ̀ mọ "ẹ" lò. "O gé e níbí. O ká a síbẹ̀." Ẹni tó lè bí i lọ́mọ ló ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará kíláàsì sọ ọ́ ní Gbohùngbohùn, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ìyá kò bá ti ẹ̀rín wá. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń lẹ aṣọ ibùsùn tó ya ní yàrá ìránṣọ ilé ìwòsàn, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti di ọ̀gá lé e lórí torí pé wọ́n ní ìwé ẹ̀rí. Àyè olórí yàrá wá ṣí sílẹ̀: bó bá yege ìdánwò aṣọ gígé, tirẹ̀ ni. Ìdánwò ọ̀hún kò ní ìwé kíkọ nínú. Olùkọ́ á pe ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kálukú á gé e bó ṣe pè é. Ẹni tó bá gé e sódì ti ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Ilé pàápàá kò fún un nísinmi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ń pè é kó tó dáhùn. Ìyá ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ebi ń pa. Ará ilé kejì wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dín ohùn rédíò rẹ̀ kù. Ìyá ní inú ilé òun ni rédíò òun ti ń ké.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdánwò dé, ó lọ bá olùkọ́. Ó ní òun kò wá síbẹ̀ kí ọmọ ọlọ́mọ máa sín òun jẹ. Bí wọn ò bá gbé e kúrò, òun á kọ̀wé sí àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ní obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìyá ní èèyàn dáadáa kì í fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ni wọ́n bá dá Gbohùngbohùn padà sí kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kó sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó dúró síwájú ìyá, ó rọra là á mọ́lẹ̀:

"Lọ́la, jókòó níwájú."

"Ẹ gbọ́," ìyá sọ fún àwọn tó wà nítòsí, "ó tún ń pàṣẹ fún mi."

Ìyá kò kúrò lórí àga rẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì.

Láti ọjọ́ kejì ni olùkọ́ ti ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá mọ̀ pé wọ́n ń gbẹ̀san ni. Ó ń wo ọwọ́ àwọn yòókù, bí wọ́n bá ṣe gé ni òun náà ń gé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, olùkọ́ sì kọjú sí pátákó. Ìgbà tó yá, ìyá rí i tí gbogbo wọn mú ṣọ́ọ̀kì, tí wọ́n ń fàlà. Ó dìde.

"Ọ̀gá, ẹ gbóhùn sókè. Tí ẹ bá fẹ́ kí n fìdí rẹmi, ẹ sọ ọ́ sí mi lójú."

Olùkọ́ yíjú padà, ó tún un pè. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ jáde. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá fi ìka méjèèjì di etí rẹ̀.

Ìyá wo ọmọ náà títí. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ sábẹ́ apá, ó sọdá ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí kíláàsì Gbohùngbohùn, kò kan ilẹ̀kùn.

"Ìwọ," ó wí láti ẹnu ọ̀nà, níwájú gbogbo wọn, "oṣù mẹ́ta gbáko lo ti mọ̀ pé etí mi ti di, tó jẹ́ ẹnu rẹ ni mo ti ń rí ohun tí olùkọ́ ń sọ, o sì dákẹ́ títí mo fi lé ọ dànù, kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Dá mi lóhùn, kí o sì kọjú sí mi kí n lè rí ẹnu rẹ."