Òfin Keje Àwọn Onílé

Tíṣà Ebenezer Àjàyí, alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kan ní Ọ̀fin, Ṣàgámù, kò gbà láti jókòó nígbà tí ó dé. Ó dúró ní ẹ̀yìnkùlé ilé Ìyá Fàtíà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada gàrí mẹ́ta tó wà lórí iná, ó yọ lẹ́tà kan jáde, ó sì kà á sókè. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ sí i. Ó ní iná ilé yìí kì í kú láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ó ní láti oṣù Agẹmọ tí wọ́n ti gbé agbada kẹta wá, èéfín ti wọ ènìyàn ní àyà.

"Òfin keje ni," Tíṣà wí. "Bí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé bá ń ni ẹnì kan lára, ó lè kọ̀wé láìdárúkọ. Iṣẹ́ náà á dúró títí gbogbo ẹni tó bá ilé náà pín ògiri á fi fọwọ́ síwèé pé àwọn gbà. Ẹ má bínú sí mi."

Moyọ̀sọ́lá, ìyàwó ilé, ló ń yan gàrí. Ó gbé igbá tó fi ń rò ó sílẹ̀, ó nu ojú.

"Bó bá jẹ́ òfin ni, sà, ẹ jẹ́ ká pa iná."

"Ká pa iná kẹ̀?" Ìyá Fàtíà, ìyá ọkọ rẹ̀, ti dìde lórí àga.

Ìyá ọkọ tirẹ̀ ló fa iná yẹn lé òun náà lọ́wọ́. Òun sì fà á lé Moyọ̀sọ́lá lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n gbé e wọlé, ó di ọdún mọ́kàndínlógún. Láti ìgbà tí mọ́tò tí Ọmọ́túndé ọkọ Moyọ̀sọ́lá fi ń ṣiṣẹ́ ti dẹnu kọlẹ̀, gàrí yẹn ni gbogbo ilé ń jẹ, òun ló sì ń rán ọmọ méjì ní ilé ìwé gíga. Bí iná bá kú, ilé kú nìyẹn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ́túndé gbójú sókè wo ògiri. "Ta ló tún lè máa ka agbada wa bí kò ṣe Hàbíbátù tó wà lẹ́yìn ògiri yìí?"

"Kì í ṣe Hàbíbátù," ni Moyọ̀sọ́lá wí.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Kì í ṣe òun ṣá."

"Inú rere rẹ yìí ni wọ́n á fi rẹ́ ọ jẹ," ni Ìyá Fàtíà wí. Tíṣà ká lẹ́tà rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n pa iná. Lọ́jọ́ kejì, Moyọ̀sọ́lá sùn títí oòrùn fi wọlé bá a lórí ẹní. Ó jẹun, ó tún sùn. Bí ó ti rí nìyẹn fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ìyá Fàtíà a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, a máa wò ó, omi a sì máa bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìrònú ti fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ," ó sọ fún Ọmọ́túndé. "Kò tilẹ̀ wúkọ́ mọ́. Ṣe nǹkan kan!"

Ìyá Fàtíà kò purọ́, ó fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀ dénú. Nígbà òjò tó kọjá, tí Moyọ̀sọ́lá sọ pé àyà ń dun òun, tí ó ní bóyá kí àwọn wá iṣẹ́ mìíràn, Ìyá Fàtíà ló se àgbo fún un fúnra rẹ̀. "Àyà dun èmi náà nígbà tèmi," ó sọ fún un. "Mo ṣì wà láyé." Ọmọ́túndé náà bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà pé kí ó má jẹ́ kí iná ìyá òun kú mọ́ òun lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, Moyọ̀sọ́lá kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ọmọ́túndé kó àgbà mẹ́ta lẹ́yìn, wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Hàbíbátù. "Àlàájà, bí a bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ fi orí jì wá."

Hàbíbátù gbé ọwọ́ lé Kùránì. "Èmi kọ́! Kí ni wọ́n á wá máa pè mí ní àdúgbò yìí?" Ó bú sẹ́kún. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá lọ́la, òun á fọwọ́ sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Moyọ̀sọ́lá yọ́ lọ bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, bí èéfín bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ má tìjú. Ẹ má fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ yín."

Hàbíbátù fà á mọ́ra. "Irú ènìyàn wo nìwọ ná? Ilé tìẹ ń jó, o ń ro ti ẹlòmíràn."

Ó fọwọ́ sí i. Ó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kan ilé méjì tó kù, ó sì rí i pé àwọn náà fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Tíṣà Àjàyí wá gbàdúrà sí ìdí iná. Ọmọ́túndé ti tọrọ páìpù gígùn lọ́wọ́ wẹ́dà kan, ó ti fi ṣe ọ̀nà èéfín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jò. Jùwọ́n, àkọ́bí wọn, pè láti ilé ìwé, ó ń pariwo ayọ̀ lórí fóònù. Kí ẹnikẹ́ni má bàa ro ibi sí òun mọ́, Hàbíbátù ra agbada tuntun kan wá, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Moyọ̀sọ́lá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sunkún débi pé ohùn rẹ̀ há. Gbogbo wọn ní ẹkún ayọ̀ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, tí iná kì í jó, tí àwọn ará ilé lọ kí ẹbí ní Likosi, Moyọ̀sọ́lá ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra, ó mú bírò sí ọwọ́ òsì kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe nígbà àkọ́kọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà kejì sí Tíṣà Àjàyí.