Lorraine Ò Fẹ́ Kú

Lorraine rọ̀ mọ́ ọwọ́ Wendell nínú ilé oúnjẹ kan ní Burbank.

"Má parọ́ fún mi o. Ṣé màá kú?"

Wendell ò lè wò ó lójú. "Lọ́jọ́ Ẹtì, mà. Ọkàn yín ló máa dáṣẹ́ sílẹ̀."

"Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá! Ṣé mi ò kàn lè dákú fúngbà díẹ̀ ni?"

"Ẹ ti dákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mà. Àwọn ọ̀gá ní ó tó gẹ́ẹ́."

Lorraine nu omijé nù. "Ó dáa, jẹ́ kó jẹ́ pé ìbejì ni wọ́n bí mi."

Wendell fa bírò yọ kíá. Òun ló ń kọ eré tẹlifíṣọ̀n tí Lorraine ń ṣe, òun náà ló ń gbé e jáde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Lorraine kú níwájú kámẹ́rà.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ìbejì rẹ̀ dé láti Kánádà. Lorraine fúnra rẹ̀ ló ń sunkún lórí pósí Lorraine.