Ápù Tó Ń Hanrun

Ìyàwó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ìkòkò oníná mànàmáná tó ń se ápù àti èròjà sínámónì. Ó sáré lọ sí ilé ìdáná, ó ń ro omi lásán lórí gáàsì, kí ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni tó jókòó sí pálọ̀, lè máa gbọ́ ariwo ṣíbí. Màmá ti búra pé ọ̀lẹ obìnrin ló ń fi ẹ̀rọ dáná.

Ṣùgbọ́n ìkòkò inú yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ooru. Ṣììì!

"Ìyàwó mi, kí ló ń dún ní yàrá?"

Ó yọjú tòun ti ṣíbí. "Ọmọ yín ni, Màmá. Ó ń hanrun."

"Bíi ti bàbá ẹ̀ gẹ́lẹ́!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí ọkọ fi ti ibi iṣẹ́ wọlé. "Háà, Màmá, ẹ káàbọ̀!"

Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ìyàwó, ó wo ilẹ̀kùn yàrá. "Ta ló wá ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi?"

Bí ìyàwó bá fi ìkòkò hàn, ọ̀lẹ ni. Bí kò bá fi hàn, ó ti di alágbèrè.

Màmá já ṣíbí onígi náà gbà, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ariwo náà dákẹ́. Tọkọtaya dúró, dúró. Ìgbà tí Màmá máa jáde, ṣíbí wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ọkọ ẹ kejì yìí mọ oúnjẹ sè. Má lé e lọ o."