Ẹni Tó Kí Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ Amòye fi ọjọ́ kan pẹ́. Àná ni Fadérera, ọ̀gá ilé búrẹ́dì, ti gba Akínlàbí síṣẹ́; òwúrọ̀ yìí ni ẹ̀rọ tí ń yan òṣìṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ láti inú ògiri.

"Ẹ má gbà á, mà. Ó ń fi àkókò ṣòfò. Ó kí àwọn ẹyẹ irin tó ń gbé búrẹ́dì fò lọ, ó tún kí èmi náà pé, 'Ẹ kú iṣẹ́ o.'"

"Kí lo fi dá a lóhùn?"

"Mi ò mọ èsì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kí mi rí."

Fadérera bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Akínlàbí ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń gba ẹni tí Amòye bá kọ̀.

"Kí n máa lọ, mà?"

"Síbo? Kọ́ Amòye bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó kíni lóhùn. Ìwọ ni mo yàn, Akínlàbí."