Oògùn Eku

"Ẹ lanu, Bàámi, ẹ jọ̀ọ́."

Ọmọbìnrin kan gbé ife oògùn sún mọ́ ẹnu bàbá rẹ̀. Yàrá ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń jí oògùn yìí bọ̀ láti ìjẹta, eku nìkan ni wọ́n sì tíì fún rí. Oògùn náà ń pa jíìnì kan lẹ́nu mọ́, àbùdá àjogúnbá burúkú tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pé kí wọ́n para wọn. Bí àṣírí bá tú, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Ọmọ ń retí ìbéèrè àràárọ̀ bàbá, tí àrùn ìgbàgbé ti gba iyè rẹ̀: "Ìyá rẹ dà?" Èsì ẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀: wọ́n jáde ni, wọn ò ní pẹ́ dé.

Bàbá ò béèrè. Omijé lé ròrò sí i lójú.

"Ìyá rẹ ti kú, àbí? Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí i."

Orí ọmọ wú. "Ó ti ṣiṣẹ́, Bàámi. Ẹ mu èyí kún un."

Bàbá rọra ti ife náà padà.

"Títí di àná, mo ṣì níyàwó. Gbé e padà fún àwọn eku yín."