Ẹni Tó Ń Wá Ìyá Láwàlì

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ̀yin ni ìyá Láwàlì?"

"Láwàlì wo?"

"Ọ̀gá wa ní báńkì àpapọ̀, l'Ábújá."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin kan ni mo bí, ó ń ránṣọ n'Ífọ̀. Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán ni?"

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà. Mùíbátù di ilẹ̀kùn mú.

Láwàlì nìkan ṣoṣo ló bí. Ìdí káńtà ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní báńkì kan lẹ́bàá Ṣàngó Toll Gate. Ó di máníjà níbẹ̀, kí báńkì àpapọ̀ tó mú un lọ s'Ábújá, kó máa yẹ àwọn báńkì wò. Lọ́jọ́ tí orúkọ rẹ̀ jáde nínú ìròyìn, Mùíbátù fẹ́ pe gbogbo àdúgbò wọn ní Joju kó ṣe sàráà. Láwàlì ní kó má dán an wò.

"Ìyá mi, ajínigbé ò lè rí èmi mú, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá mú. Ẹni tó bá béèrè mi, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí. Bó tiẹ̀ ní èmi ni mo rán òun."

Mùíbátù fọwọ́ ara rẹ̀ yọ fọ́tò ọmọ náà lára ògiri.

"Màmá, ta lẹ jọ ń gbé?"

"Sójà méjì."

"Ṣé kò sí àgbàlagbà ọkùnrin nílé tí mo lè bá sọ̀rọ̀? Àbúrò bàbá Ọ̀gá wa, àbí alfa àdúgbò?"

"Wọ́n ń bọ̀. Ọlọ́pàá ni gbogbo wọn."

"Ṣé ẹ ti jẹun, mà? Ẹ ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? O fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè sáré?"

"Ọ̀gá fúnra wọn ló júwe ilé yìí fún mi. Ẹ jẹ́ n wọlé, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó."

"Bó o bá gbé ẹsẹ̀ kan sí i, màá pariwo olè. Àwọn ọlọ́kadà iwájú yẹn ò ní béèrè orúkọ ẹ kí wọ́n tó dáná sun ẹ́."

Ọkùnrin náà wo àwọn ọlọ́kadà. Ó tún wo ojú Mùíbátù.

"Ẹ fi Ọlọ́run búra fún mi, mà. Ṣé ẹ kì í ṣe ìyá wọn?"

"Wallahi, mi ò bí i."

Inú Mùíbátù dùn. Bí Láwàlì bá pè, yóò ròyìn fún un, wọn yóò jọ rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà dé fìlà, ó gbé fóònù sétí bó ṣe ń lọ: "Alfa, ẹ máa kírun sí Ọ̀gá Láwàlì lára, kẹ́ ẹ sin wọ́n s'Ábújá níbẹ̀, mi ò rí ìyá wọn."